Ríímà, sáńpépà, hóònù àbí láàpù: èwo lẹ máa fi parí ihò sìlíńdà ẹ́ńjìnì kékeré yín?

Okun o, ẹ̀yin ará mi. Ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà tó rí sìlíńdà kékeré tó wà lórí bẹ́ńṣì, ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni pé á gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, á yọjú wo inú ẹ̀, á ní "ó mà dán o." Mo dúpẹ́, àmọ́ dídán yẹn kọ́ ni mo fi odindi ọjọ́ mẹ́ta wá. Ihò sìlíńdà lè dán bíi dígí kí inú ẹ̀ sì rí bí ẹyin, kó fẹ̀ lókè kó fún nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnì yẹn ò ní sítáàtì, ẹ máa yí i títí apá á fi ro yín. Òmíì wà tó dà bíi pé ó ṣú díẹ̀, tó láwọn ìlà wẹ́wẹ́ nínú, àmọ́ tó rí róbótó tó sì gún ṣánṣán látòkè délẹ̀, ìyẹn ló máa di kọmpíréṣọ̀n mú (afẹ́fẹ́ tí pístìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò náà, ń tẹ̀ pọ̀). Torí náà bí mo ṣe ń fi irinṣẹ́ kan wé èkejì níbí, ohun tí mo ń bi ìkọ̀ọ̀kan wọn ni pé: ṣé ìrísí ihò lò ń tún ṣe, àbí awọ ojú ẹ̀ nìkan?

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ́ńjìnì tí ihò ẹ̀ fẹ̀ tó 20 mm tó sì gùn tó 35 mm sọ ọ́, torí ìyẹn ni èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Ó kéré gan. Honda GX160 tí wọ́n fi ń fa omi, tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ káàkiri ọ̀dọ̀ wa, ihò tiẹ̀ jẹ́ 68 mm, pístìn ẹ̀ sì ń rin 45 mm lọ sókè rin 45 mm bọ̀ wálẹ̀. Irun orí èèyàn kan máa ń tó bíi 0.07 mm, tí àlàfo tó tó irun yẹn bá wà láàárín pístìn tí ò ní ríìngì (òrùka irin tó ń dí ẹ̀gbẹ́ pístìn) àti sìlíńdà 20 mm, ẹ̀gbẹ́ pístìn ni gbogbo afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ ń pọ̀ mọ́lẹ̀ máa gbà jáde. Sìlíńdà tèmi, irin kásìtì ni, ara slíìfù àlòkù (irin oníhò tí pístìn ń sáré nínú ẹ̀) tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù ni mo ti gé e, mo sì fẹ́ràn kásìtì torí gíráfáìtì tó wà nínú ẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí ojú ẹ̀ yọ̀ kó sì tún gba ọ́ìlì dúró.

Kí ẹ fi í sílẹ̀ bí léètì tàbí ríímà ṣe gé e

Èyí ló yá jù, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fojú kéré ẹ̀. Léètì ni ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gé e, ríímà sì ni irinṣẹ́ eléyín tí wọ́n ń tì wọ ihò tí dírílì ti lu kó lè pé ìwọ̀n. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì onísítíìmù kékeré tí ihò ẹ̀ jẹ́ idẹ, tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ò le púpọ̀, ríímà tó mú dáadáa tí ẹ fi ọ́ìlì sí tí ẹ kò kánjú tì wọlé á fún yín ní ihò tó tó lò. Ríímà máa ń mú ìwọ̀n jáde bó ṣe wà lára ẹ̀, àmọ́ ihò tó ti wà tẹ́lẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé, tí dírílì bá ti gbé e gba ẹ̀gbẹ́, ríímà ò ní dá a padà sójú ọ̀nà.

Ọ̀pá bóòrìn orí léètì ló ń mú ihò gún, ìyẹn ni mo ṣe máa ń fi í ṣáájú gbogbo ẹ̀. Wàhálà ẹ̀ ni pé ọ̀pá náà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ihò bá kéré, ó máa ń tẹ̀ sẹ́yìn nígbà tó bá ń gé, ìdí nìyẹn tí ihò fi máa ń fún díẹ̀ lápá ibì kan ju ibòmíì lọ. Ẹ jẹ́ kó kọjá lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta láìfi kún ìwọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́ gé, ẹ máa rí i pé ó ṣì ń bó fínnífínní jáde, ohun tó tẹ̀ sẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ló ń padà wá gé. Tí ẹ bá gbọ́ tó ń dún gìrìgìrì, ẹ dín eré léètì kù kẹ́ ẹ sì ti ọ̀pá wọlé kó kúrú sí i, torí ìró yẹn ń ya ìgbì sára irin, ìgbì yẹn sì ni iṣẹ́ tó máa kẹ́yìn máa ń bá jà.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó kúrò nídìí léètì ni iye tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀. Fún 20 mm, mo máa ń dúró ní bíi 19.97 mm, ìyẹn 0.03 mm ló kù fún ìparí. Ẹni tó bá fi 0.1 mm sílẹ̀ pé òun á fi péèsì (gíríìsì tí wọ́n po yanrìn wẹ́wẹ́ mọ́) lọ̀ ọ́ tán, á lọ̀ ọ́ títí ihò á fi fẹ̀ lẹ́nu bí agogo.

Sáńpépà tí wọ́n wé mọ́ igi

Mi ò ní pẹ́ níbí. Gbogbo wa la ti ṣe é rí, igi tí wọ́n là lórí, sáńpépà tí wọ́n ki bọ̀ ọ́, dírílì ń yí i. Ó máa ń mú inú ihò dán lójú ẹsẹ̀, àmọ́ sáńpépà rọ̀, ibi tó ga àti ibi tó jìn ló ń bá pàdé bákan náà, ẹnu ihò méjèèjì ló sì máa ń jẹ jù. Ẹ lò ó fún ihò tí búṣì máa wọ̀. Fún sìlíńdà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó.

Hóònù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti hóònù oníbọ́ọ̀lù

Hóònù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì mọ̀, òkúta mẹ́ta tí sípíríǹgì ń tì síta, wọ́n á fi sẹ́nu dírílì, wọ́n á da karosíìnì tàbí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, wọ́n á máa tì í wọlé máa fà á jáde bó ṣe ń yí. Ìlà tó ń kọjá lórí ara wọn bí ẹní tí wọ́n hun lẹ máa rí nínú ihò lẹ́yìn náà, tí ọwọ́ yín bá dọ́gba mọ́ eré dírílì, ìlà yẹn á dábùú ara wọn ní bíi dígírì 30 sí 45, inú ìlà yẹn ni ọ́ìlì ń sá sí tí ríìngì fi ń jókòó dáadáa. Bí sìlíńdà tó ní ríìngì bá dán jù, ríìngì tuntun kì í tètè bá a mọwọ́, ọ́ìlì ò ní ríbi dì mú. Torí náà hóònù ní iṣẹ́ tiẹ̀, iṣẹ́ gidi sì ni.

Ibi tó kù sí ni pé sípíríǹgì ló ń tì í. Tí ihò bá rí bí ẹyin, òkúta á tẹ̀ lé ẹyin yẹn yíká, á wọlé níbi tó jìn, á sún sẹ́yìn níbi tó ga, nígbà tẹ́ ẹ bá máa yọ ọ́ jáde ẹyin tó dán lẹ ní. Kò tún ìrísí ṣe. Èyí tó ń tún ìrísí ṣe ni hóònù alágídí, ìyẹn èyí tí òkúta ẹ̀ le gbọnin láìsí sípíríǹgì tí wọ́n ń fi ìdè ṣí díẹ̀díẹ̀, ó wà nílé iṣẹ́ ńláńlá tó ń ríbóò ẹ́ńjìnì, mi ò tíì rí ọ̀kan rí lágbègbè wa tó lè wọ ihò 20 mm.

Ìwọ̀n náà tún jẹ́ ìṣòro. Hóònù kékeré tí wọ́n fi ń tún sìlíńdà bíréèkì ṣe, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti bíi 19 mm, ìyẹn ni pé nínú ihò 20 mm ẹsẹ̀ ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán, kò ráàyè gbé òkúta lé ara ihò kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Tó bá wá jẹ́ túù-sítúróòkù tí ihò kéékèèké wà lára sìlíńdà tí gáàsì ń gbà wọlé gbà jáde, etí òkúta á máa kọ́ àwọn ihò yẹn, ó lè kán síbẹ̀. Hóònù oníbọ́ọ̀lù, èyí tó dà bíi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n so ilẹ̀kẹ̀ mọ́ orí ẹ̀, kì í kọ́ nǹkan, òun ni mo máa yàn fún irú sìlíńdà bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé ihò ẹ̀ ti gún tẹ́lẹ̀. Awọ ojú lòun náà ń tún ṣe, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàpù

Níbí ni ọkàn mi wà. Láàpù ò ju ọ̀pá róbótó kan lọ, tó rọ̀ ju irin sìlíńdà, tí wọ́n là láàárín tí wọ́n sì fi ìdè tó ṣóńṣó sí nínú kó lè máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n wá fi péèsì pa lára. Yanrìn inú péèsì máa ń gún wọ èyí tó rọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì, á jókòó síbẹ̀, á wá máa gé èyí tó le. Torí pé láàpù kì í tẹ̀, tí kò sì ní sípíríǹgì, ibi tó fún nínú ihò nìkan ló máa kàn, ibi tó fẹ̀ kò ní kàn án rárá títí ibi tó fún á fi bá a dọ́gba. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ gan-an, á dì níbì kan, á yọ̀ níbòmíì, ibi tó bá ti dì lẹ máa lò pẹ́ díẹ̀ títí gbogbo ẹ̀ á fi dọ́gba látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fáníà kálípà, irinṣẹ́ tá a fi ń wọn irin, ò lè sọ ìyẹn fún yín nínú ihò, ọwọ́ yín á sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ní gééjì onídáyà tó ń wọn inú ihò, ẹ lò ó, ohun iyebíye ni.

Ẹ wo ọlọ ìyá wa. Ọmọ ọlọ àti ìyá ọlọ, ata ni wọ́n ń lọ̀ àmọ́ wọ́n ń jẹ ara wọn náà ni, ibi tí ọwọ́ bá ti ń kọjá jù ní í jìn kòtò. Bẹ́ẹ̀ ni láàpù rí. Tẹ́ ẹ bá ń fa láàpù jáde jù lẹ́nu ihò, ẹnu ihò á fẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró sójú kan ṣoṣo, ojú kan yẹn á jìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń jẹ́ kí láàpù gùn ju ihò lọ dáadáa, fún 35 mm mo máa ń ṣe é tó 55 tàbí 60 mm, mo sì máa ń yí sìlíńdà lórí kodò ní gbogbo ìgbà tó bá ti lọ síwájú díẹ̀, kí ohun tí apá kan jẹ kí apá kejì náà jẹ ẹ́.

Eré léètì ò gbọdọ̀ yá, yíyí 100 sí 200 ní ìṣẹ́jú kan ti tó. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi di sìlíńdà mú, ẹ má fi fáìsì fún un torí slíìfù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń tẹ̀ tẹ́ ẹ bá fún un, ẹ máa lọ̀ ọ́ kó rí róbótó nínú fáìsì, tẹ́ ẹ bá tú u sílẹ̀ á padà rí bí ẹyin. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra gidi o, láàpù lè gbá sìlíńdà mú lójijì kó sì yí ọwọ́ yín, pàápàá sìlíńdà tó ní abẹ́bẹ̀ itutù lára. Ẹ fi rọ́bà tọ́ọ̀bù wé e, ẹ má wọ aṣọ alápá gígùn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ìdìmú yín jẹ́ èyí tó lè tètè jọ̀wọ́ ẹ̀. Èmi tiẹ̀ ti kúrò lórí ṣíṣe é pẹ̀lú léètì báyìí, iná kì í dúró, jẹnẹrétọ̀ kékeré mi ò sì lè gbé léètì kó má máa mí sókè mí sódò, torí náà mo de láàpù mọ́ fáìsì, mo fi ọwọ́ yí sìlíńdà lórí ẹ̀, mò ń tì í síwájú mò ń fà á sẹ́yìn bí mo ṣe ń yí i. Ó ń pẹ́ lóòótọ́, ọ̀sán gbáko ló máa ń gbà, àmọ́ kò gbóná, ohun tó gbóná sì ti fẹ̀, ohun tó bá wà ní ìwọ̀n nígbà tó gbóná á fún nígbà tó bá tutù. Sìlíńdà alumí tiẹ̀ máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì bí kásìtì ṣe ń fẹ̀ pẹ̀lú ooru kan náà.

Kí lẹ máa fi ṣe láàpù yẹn? Fún sìlíńdà kásìtì tàbí irin lílè, idẹ, bàbà àti alumí ló dára, alumí rọrùn láti rí, idẹ ń pẹ́ kó tó jẹ tán, bàbà ń di yanrìn mú dáadáa ju àwọn tó kù lọ lójú tèmi. Ẹni tí ò ní léètì rárá lè fi igi líle ṣe é, mo ti fi èrúkọ́ àtijọ́ tó ti gbẹ dáadáa ṣe ọ̀kan, mo là á, mo ki ìdè igi sí i láàárín, ó sì ṣiṣẹ́ fún péèsì tó kúná nígbà tí ìrísí ihò ti dáa tẹ́lẹ̀. Kò lè tún ihò wíwọ́ ṣe, igi máa ń mu ọ́ìlì, ó sì máa ń wú.

Péèsì náà ní ìyàtọ̀. Péèsì fáfù tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta páàtì, agolo ẹ̀ sábà máa ń ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ọ̀kan ṣákiṣàki, ọ̀kan kúná. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó ṣákiṣàki. Èyí tó kúná lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn náà ẹ wá péèsì nọ́ńbà 400, kẹ́ ẹ fi 600 parí ẹ̀, bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí ni yanrìn ẹ̀ ń kúná sí. Péèsì kọ̀ọ̀kan kó ní láàpù tiẹ̀, torí yanrìn ńlá tó ti gún wọ láàpù kò ní jáde mọ́, ẹ fọ̀ ọ́ ní ìgbà méje kò ní jáde, á máa ya ihò tẹ́ ẹ fẹ́ fi 600 dán. Tó bá jẹ́ pé sìlíńdà yín jẹ́ idẹ tàbí alumí, ẹ má fi péèsì fáfù kàn án rárá, ẹ má fi dáyámọ́ńdì kàn án, sìlíńdà yẹn ló máa di èyí tó rọ̀, òun ni yanrìn máa gún wọ̀, pístìn ló sì máa wá jẹ títí ayé ẹ́ńjìnì náà. Fún idẹ, láàpù igi àti Brasso, ohun tí wọ́n fi ń nu idẹ kó dán, lásán ti tó, ó ń lọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ṣeé fọ̀ jáde.

Ohun kan tí mo ṣe tí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣe mọ́: ẹ́ńjìnì mi àkọ́kọ́, mo fi péèsì sára pístìn fúnra ẹ̀, mo sì fi í lọ sìlíńdà bí wọ́n ṣe ń lọ fáfù mọ́ ìjókòó ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ó wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́, inú mi dùn. Ó ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó dún dáadáa fún bíi ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà kọmpíréṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, títí tó fi kú pátápátá tí kò sì sítáàtì mọ́. Mo tú u, ara pístìn ti di àwọ̀ eérú, yanrìn ti jókòó sára ẹ̀ ó sì ń jẹ sìlíńdà lọ ní tiẹ̀. Iṣẹ́ oṣù méjì ni, ó dùn mí gan. Ọ̀tọ̀ ni ẹ máa fi láàpù lọ sìlíńdà, ọ̀tọ̀ ni ẹ máa fi láàpù olóruka, èyí tó yí pístìn ká bí òrùka, lọ pístìn láti ìta, wọn ò gbọdọ̀ fojú kan ara wọn títí ẹ ó fi fọ àwọn méjèèjì mọ́.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ mú?

Tí ẹ́ńjìnì yín bá ní ríìngì, tí ihò bá ju 30 mm lọ, tí oní-léètì tó gé e sì mọ iṣẹ́, ẹ mú hóònù, ẹ fi ìlà dábùú sílẹ̀ nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ lọ simi. Tó bá ní ríìngì àmọ́ tó kéré sí ìyẹn, ẹ mú láàpù, kẹ́ ẹ dúró ní 400, ìlà wẹ́wẹ́ tí ọwọ́ yín fi sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń yí i tẹ́ ẹ sì ń fà á ti tó fún ríìngì. Tí kò bá ní ríìngì rárá, bíi àwọn ẹ́ńjìnì kékeré tí pístìn kásìtì ń sáré nínú slíìfù irin, kò sí nǹkan míì lójú tèmi, láàpù ni, títí dé 600 tàbí 800, àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa tiẹ̀ máa ń jẹ́ kí òkè ihò fún ju ìsàlẹ̀ lọ díẹ̀ báyìí kó lè dì níbi tí kọmpíréṣọ̀n ti le jù. Tó bá jẹ́ onísítíìmù, ẹ má da ara yín láàmú, ríímà ti tó.

Bí mo ṣe ń mọ̀ pé láàpù ti tó ni pé mo máa ń fi ọ́ìlì díẹ̀ pa pístìn tó ti mọ́, máa fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìsàlẹ̀ sìlíńdà, máa jọ̀wọ́ pístìn láti òkè. Tó bá já wálẹ̀ gbàgà, ó ti fẹ̀ jù. Tó bá dúró sórí afẹ́fẹ́ tó wá ń rọra rì wálẹ̀ bí ẹni tó ń sùn lọ, tí mo bá sì fà á jáde kíákíá tó dún "pọ́ọ̀", ó ti jẹ́.

Fífọ̀ ló kù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Karosíìnì nìkan kò tó, ó ń gbé yanrìn kiri ni, ó ń fi sílẹ̀ nínú àwọn ojú wẹ́wẹ́ kásìtì. Lẹ́yìn karosíìnì, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbo inú ẹ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ ti fi ọ́ìlì kàn nù ún. Tí aṣọ bá jáde ní àwọ̀ eérú, ẹ padà sídìí omi. Kásìtì tó gbẹ tí kò ní ọ́ìlì lára máa ń dípẹtà kí wákàtí kan tó pé, torí náà bó bá ṣe ń gbẹ ni kẹ́ ẹ ti máa fi ọ́ìlì pa á. Ìgbà ọyẹ́ ni mo parí tèmi, eruku ń wọlé láti gbogbo ojú fèrèsé, mo fi ọ́ìlì pa á, mo fi nájílọ̀n wé e lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbé e sínú agolo mílíìkì tó ní ìdérí, ibẹ̀ ló wà di ọjọ́ tí pístìn ẹ̀ bá jáde lórí léètì.